Ìyókù Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gé

Ẹ fa àpótí sún mọ́ mi, ẹ jókòó. Ohùn mi kì í lọ sókè mọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí.

Ìjàrà ni mo wà, nínú ilé tí mo kọ́ nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà. Ìyàwó mi mọ ewé. Kì í ṣe oníṣègùn o, àgbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí koríko tó hù lójú ọ̀nà Òkè-Onígbìn tí kò lè pè bí àwa Ìgbómìnà ṣe ń pè é. Ìyẹn ló mú obìnrin kan, olùkọ́ yunifásítì, wá bá wa. Ó fẹ́ kó orúkọ ewé jọ, tòun ti ohùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ níbikíbi láyé lè gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Níbo lẹ ó kó o sí?" ni mo bi í.

"Orí ẹ̀rọ kan lókè òkun ni, sà. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló fi àyè ta wá lọ́rẹ."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. "Onílé tí kì í gbowó ilé! Ọjọ́ wo ni yóò ní ká kó jáde?"

Kó tó já ewé, á ní "Bìsímílà," á wá pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó kan imí-eṣú, ewúrẹ́ wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Mo ń ṣe "ṣíà, ṣíà" jẹ́jẹ́, kí n má baà ba ohùn tí wọ́n ń gbà jẹ́. Ni ìyàwó mi bá pariwo:

"Tíṣà, ewúrẹ́ yẹn ò lọ síléèwé yín o! Ẹ yé bẹ̀ ẹ́, ẹ lé e!"

Olùkọ́ yunifásítì bi mí bóyá kí òun fi ariwo yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ gé e. Ewé ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé wa." Wọ́n gé e. Bìsímílà pàápàá, wọ́n gé e. Orúkọ ewé nìkan ló jáde sí gbangba. Odidi rẹ̀ wà nípamọ́ lórí ẹ̀rọ kan náà.

Ọdún kejì, ìyàwó mi kú. Lẹ́yìn fìdáù, ọmọbìnrin wa padà sí Ìlọrin, ó wá ku èmi nìkan. Bí mo bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, mo máa ń tẹ ewé kan lórí fóònù, ohùn ìyàwó mi á pe orúkọ ewé náà bí ìgbà tí mo ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Kò sí ẹni tó ń dáhùn, àfi èmi.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ pè mí. "Bàbá, ilé-iṣẹ́ yẹn ní àwọn ò ṣe é mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ọ̀la ni wọn ó ti ilẹ̀kùn."

"Ohùn ìyá ńkọ́?"

"Yunifásítì á gba èyí tí a gé. Odidi yẹn ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ wa. Mo ti ṣí i fún yín, sà. Ẹ kó ohun tí ẹ bá lè kó."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó lọ Òmù-Àrán ni mo wọ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀, obìnrin tó ni ín ṣì ń gbálẹ̀.

"Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì òní ò dáa o. Èwo ni ká kọ́kọ́ mú?"

"Imí-eṣú."

"Nínú gbogbo ewé ayé, imí lẹ rí mú?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Títí di ìrọ̀lẹ́, mẹ́ta péré ló wọlé sórí fóònù mi: imí-eṣú, dágunró àti ewúro. Ìkẹrin dé ìdajì, ó dúró. A tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe pín ogún náà nìyí. Yunifásítì jogún orúkọ ewé. Wọ́n ní àwọn ará òkèèrè ń lò ó, mo dúpẹ́. Ilé-iṣẹ́ gba àyè rẹ̀ padà. N kò lè bú u. Ọ̀fẹ́ ló fún wa, èmi ni mo sì ní kí wọ́n gé e. Ọmọ mi gba dágunró àti ewúro. Ewúrẹ́ jogún ẹ̀yìnkùlé. Èmi mú imí-eṣú. Bí ewúrẹ́ bá wọlé báyìí, n kì í dìde. Fóònù ni mo máa ń tẹ̀, ìyàwó mi á sì pariwo mọ́ àwa méjèèjì.