Ohun Tí Àkàndé Ń Fi Pamọ́ Lọ́nà Ẹ̀fọ̀n

Ìwó ni wọ́n bí Ọlájùmọ̀kẹ́ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè ńlá kò sí nínú ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ibẹ̀ náà ni Àkàndé, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìwó, ti fẹ́ ẹ, tó sì mú un wá sí Arámọkọ níbi tó ti ń wa takisí. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó jí nílé ọkọ, ó jáde sẹ́yìnkùlé láti fọ ẹnu, ó sì rí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n níhà ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n tò lọ gbọọrọ, àwọ̀ wọn dà bí aṣọ aró tó ti ṣá. Ó dúró, ó gbàgbé omi sẹ́nu.

"Ẹ máa mú mi débẹ̀ o," ó wí fún ọkọ rẹ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Àkàndé fi dá a lóhùn. "Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ."

Wọ́n bí Gift, Gift dàgbà, ó wọ yunifásítì, ìyá rẹ̀ kò tíì dé Ẹ̀fọ̀n. Kì í ṣe pé ibẹ̀ jìnnà. Iṣẹ́ ni kì í tán lórí ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tí yóò pa ṣọ́ọ̀bù tì nítorí pé ó fẹ́ lọ wo òkè. Ìgbà tí Gift lọ tán tí ilé dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà tún sọ sí i lọ́kàn. Inú ọyẹ́ ni. Ó ní kí Àkàndé mú òun lọ lọ́dún yìí.

"Nínú ọyẹ́ yìí?" Àkàndé mi orí. "Eruku ti bo gbogbo òkè. Kí lo máa rí? Jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ ojú ọ̀run ná."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, nítorí láti ẹ̀yìnkùlé pàápàá, ọyẹ́ ti gbé àwọn òkè náà mì. Ọlájùmọ̀kẹ́ dúró. Òjò àkọ́rọ̀ dé, Àkàndé ní ìjì ló ń jà, igi ń wó dí ọ̀nà. Òjò wá rọ̀ dáadáa, ó ní kùrukùru ti sọ̀kalẹ̀ sójú ọ̀nà, awakọ̀ kì í rí imú ọkọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí òjò sinmi lóṣù kẹjọ, tí oòrùn ràn, tí òkè hàn kedere, ó ní òun ní nǹkan láti ṣe lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Èyí tó sọ kẹ́yìn yìí ni kò wọ Ọlájùmọ̀kẹ́ létí. Kò sí òjò nínú rẹ̀, kò sí ọyẹ́ nínú rẹ̀.

Deborah, tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni. Bí Ọlájùmọ̀kẹ́ ṣe ń ráhùn fún un lọ́jọ́ kan, ó dáwọ́ irun tó ń dì dúró.

"Ìyá Gift, ṣé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ni Bàbá Gift ń ná lóòótọ́? Ulé wa kọjú sí gáràjì gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọkọ̀ wọn níbẹ̀ kẹ́yìn."

Ọlájùmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ló rán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì tú u.

Láti ìgbà náà ni ojú rẹ̀ ti là sí ohun gbogbo. Àkàndé a máa gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé. "Ẹ̀fọ̀n lẹ ti rà á?" "Ibo ni ǹ bá tún ti rà á?" Fóònù a dún láàárọ̀, á bọ́ síta kó tó gbé e, á fi ọwọ́ bo ẹnu. Lọ́jọ́ kan Ọlájùmọ̀kẹ́ rọra dúró sẹ́yìn fèrèsé.

"Mò ń bọ̀," ọkọ rẹ̀ ń sọ. "Tètè sọ̀kalẹ̀, kí o dúró dè mí níbi tá a máa ń pàdé. Má jẹ́ kí n dúró pẹ́ bíi ti àná."

"Ta nìyẹn?" ó béèrè nígbà tó wọlé.

"Èrò ọkọ̀ ni."

Èrò wo la ń bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́? Ó gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́. Ó yẹ abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ wò, ó rí yẹtí ẹyọ kan. Kò sí ọkọ̀ èrò tí yẹtí obìnrin kì í bọ́ sí, òun náà mọ̀. Síbẹ̀ ó fi yẹtí náà pamọ́ sínú agolo tó ń kó bọ́tìnnì sí.

Ó wá ń múra ìrìn-àjò náà láìsọ fún ọkọ rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ Deborah ló ti ń gba ìmọ̀ràn.

"Ẹ jẹ́ kí òjò àrọ̀kúrò dáwọ́ ná," Deborah ní. "Bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, òjò ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Kò sígbà tí òkè wa dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú súwẹ́tà dání o, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣeré."

Deborah rò pé òkè ló fẹ́ lọ wò. Ọlájùmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ̀ mọ́ bóyá òkè ni tàbí obìnrin. Ó rán ankara tuntun fún ara rẹ̀. Bí orogún bá wà níbẹ̀, kò ní bá òun nínú àkísà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó jẹ́ kí Àkàndé jáde tán, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gun ọ̀kadà lọ sí gáràjì. Ó ku èrò ẹyọ kan kí ọkọ̀ Àkàndé kún. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó.

"Ìyá Gift! Níbo?"

"Ẹ̀fọ̀n."

"Kí lo fẹ́ ṣe ní Ẹ̀fọ̀n?"

"Èrò ni mí. Ẹ wakọ̀."

"Awakọ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ," obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn. "Iṣẹ́ ń dúró dè mí."

Kò sí ohun tí Àkàndé lè ṣe. Wọ́n kọjá Èrìò. Kòkó tí wọ́n sá wà lẹ́bàá ọ̀nà, òkè sì ń ga sí i níwájú wọn títí tó fi gba gbogbo gíláàsì ọkọ̀. Òógùn ń yọ lórí Àkàndé láàárọ̀ kùtù. Ọlájùmọ̀kẹ́ rí i, ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí àṣírí rẹ̀ fẹ́ tú ló ń làágùn bẹ́ẹ̀.

Ní Ìtawurẹ́, ní ẹsẹ̀ òkè gan-an, Àkàndé yà kúrò lójú títì, ó dúró sẹ́yìn takisí mìíràn. Àwọn èrò kò béèrè nǹkan kan, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ kejì. Ọlájùmọ̀kẹ́ nìkan ló jókòó síbẹ̀.

Ọkùnrin tó fara ti ọkọ̀ náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mùbárákù lorúkọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ̀kalẹ̀ ó ti pẹ́ o. Mo ti ń dúró dè yín." Ó rí obìnrin náà. "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ọlájùmọ̀kẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹni tẹ́ ẹ máa ń pè láàárọ̀ nìyí?"

Àkàndé pa ọkọ̀. "Mi ò kì í gùn ún mọ́," ó wí.

"Kí lẹ ò kì í gùn?"

"Òkè yẹn. Láti ìgbà tí bọ́ńpà ọkọ̀ yìí ti fọ́."

Ọlájùmọ̀kẹ́ rántí bọ́ńpà náà. Àkàndé ní nígbà náà pé tírélà ló fẹ̀yìn gbá òun ní gáràjì.

"Kì í ṣe tírélà," Àkàndé ní. "Mò ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, èrò kún inú ọkọ̀, mo tẹ bíréèkì, kò mú. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni mo forí ọkọ̀ sọ kó tó dúró. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ibí yìí báyìí, ẹsẹ̀ mi kì í gbọ́ tèmi mọ́. Mùbárákù ló ń bá mi kó wọn gòkè. Òun ló ń bá mi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn bọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n wí kí ni? Pé awakọ̀ Ẹ̀fọ̀n ń bẹ̀rù Ẹ̀fọ̀n?"

Ọlájùmọ̀kẹ́ kò tíì gbà. "Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀yin méjèèjì jọ dì í?" ó bi Mùbárákù.

"Wàláhì, mà, òótọ́ ni wọ́n ń sọ."

Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí sítíárìn. Ọkọ̀ ti kú, síbẹ̀ ó dì í mú bí ẹni tí òkè fẹ́ gbé lọ. Ẹnu lè purọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí irú ọwọ́ yẹn rí lára ọkùnrin yìí. Ó mú súwẹ́tà rẹ̀.

"Mo ṣì ń lọ," ó ní. "Ẹ ti ọkọ̀ yín pa, ẹ wá jókòó tì mí."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ ò ní wakọ̀ kankan. Èrò ni yín lónìí."

"Ẹ̀yin tọkọtaya yìí, ẹ jọ̀ọ́!" obìnrin tí iṣẹ́ ń dúró dè kígbe láti inú ọkọ̀ kejì.

Wọ́n há ara wọn sẹ́yìn ọkọ̀ Mùbárákù. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó yí kọ́nà àkọ́kọ́, etí Ọlájùmọ̀kẹ́ dí. Orí igi tó yẹ kó wà lókè wọn ti wà nísàlẹ̀ wọn. Àkàndé di ojú rẹ̀, ó fún ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ títí tó fi ń dùn ún. Àyà tirẹ̀ náà já nígbà tó bojú wo àfonífojì, ó sì ṣàánú ọkọ rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dijú. Láti ẹ̀yìnkùlé, ó ti rò pé ìlà kan ṣoṣo ni àwọn òkè náà. Àṣé òkè wà lẹ́yìn òkè, òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn òjò.

"Kí lò ń rí?" Àkàndé béèrè, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

"Ẹ lajú yín kẹ́ ẹ wò ó."

Kò là á títí wọ́n fi wọ Ẹ̀fọ̀n. Ní gáràjì, bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀, àwọn awakọ̀ pariwo lé e lórí. "Àkàndé! Ibo lo wọlẹ̀ sí láti ìgbà yìí? A ti rò pé o ti padà sí Ìwó!" Ọlájùmọ̀kẹ́ tẹ́tí sí gbogbo ohùn náà, ó wo ojú gbogbo obìnrin tó wà nítòsí. Kò sí èyí tó wo Àkàndé lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ni ara tù ú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, Àkàndé kò lè wọ ọkọ̀ rárá, nítorí ìgbà tó ń sọ̀kalẹ̀ ni jàǹbá rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ rin apá tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, wọ́n faramọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, ọkọ̀ ń fọn fèrè lé wọn. Mùbárákù lọ ń dúró dè wọ́n níwájú.

"Obìnrin lo rò pé mo ní, àbí?" Àkàndé béèrè.

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa rò?"

Àkàndé rẹ́rìn-ín títí tó fi dúró mú igi.

Kí oṣù náà tó tán, Àkàndé fúnra rẹ̀ lọ sọ fún àwọn ará gáràjì pé ọ̀nà Ìjerò lòun fẹ́ máa ná, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì sú wọn. Ọlájùmọ̀kẹ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, á lọ sí Ẹ̀fọ̀n lóun nìkan. Àkàndé a sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wo ankara rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ìyá Gift," á ní, "ta lò ń lọ rí níbẹ̀ ná?"