Lẹ́tà Ńláńlá Lójú Kọ̀ǹpútà Màmá Iléṣà

Ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà kò jìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń torí fáírọ́ọ̀sì inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà ni yóò mọ bó ṣe ń gùn tó. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Old Garage ní Òṣogbo tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Iléṣà, ní láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tí mo bá wọn wá. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ẹ̀kọ́ Bíbélì tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, ojú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kà á fún wọn.

Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Èmi gan-an jókòó ní kíláàsì wọn rí, nígbà tí ìyá mi fi mí sọ́dọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé pé mi ò ríran dáadáa. Wọ́n kàn kíyè sí i pé mo ń fún ojú pọ̀ sí pátákó, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n gbé àga mi wá síwájú. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìntì, kíláàsì àwọn ìyá yìí ló kù tí wọ́n ń múra lọ, kò sì sóhun tí wọ́n fẹ́ràn tó o.

Kí n má purọ́, kì í ṣe tiwọn ni mo rò tí mo fi gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí ẹ̀rọ náà. Ìrìn ló sú mi. Mo mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, mo ní bí mo bá ti fi sí i, mo bọ́ nìyẹn. Mo ṣe é tán, ó tàn lójú mi, mo jẹ iyán, mo wọkọ̀ padà sí Òṣogbo.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí. Wọ́n ní ojú ẹ̀rọ ti dúdú kirikiri.

"Ọmọ mi, ṣé iná tó ń ṣẹ́jú lánàá yẹn ni, àbí kí ni mo ṣe sí i?"

Èmi mọ̀ pé kì í ṣe iná. Ètò tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, tí àwa ń pè ní díráfà, ni kò bá ẹ̀rọ náà mu. Ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó jókòó ti iyán. Mo ní, "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Mà." Mi ò sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Orí fóònù ni mo ti darí wọn. Mo ní kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n dá a dúró bó ṣe ń jí, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ kan kún àṣẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó máa ní kó má wulẹ̀ wá díráfà, kó yàwòrán bó bá ṣe lè yà á. Wọ́n ń pe lẹ́tà rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Ló bá tàn.

"Áà! Àwọn lẹ́tà yìí mà tóbi o! Mo ń rí wọn láti orí àga mi!"

Ẹjọ́ ni mo rò pé wọ́n ń rò. Lójú ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tèmi, kí lẹ́tà wú bẹ́ẹ̀, àìsàn ni. Ara mi kò gbà á kí ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ kàn rí báyẹn. Nígbà tó di Sátidé, mo lọ, mo wá díráfà tó bá a mu, mo fi sí i. Ojú ẹ̀rọ wá mọ́ kedere, lẹ́tà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dán gbinrin. Mo yí i sọ́dọ̀ wọn bí ẹni ń fi ìyàwó tuntun han ni.

Wọ́n tẹ̀ sún mọ́ ọn, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, "O kú uṣẹ́, ọmọ mi." Wọ́n gbàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún pè mí, wọ́n ní o ṣé àná. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo kó gbogbo ọpẹ́ náà sápò. Wàhálà tí mo ṣe ni wọ́n ń kí mi fún, èmi rò pé iṣẹ́ mi ni wọ́n ń yìn.

Láti ìgbà náà wọn ò pè mí nítorí ẹ̀rọ mọ́. Mo ń fi Linux yangàn fún àwọn oníbàárà mi. Ìgbà tí mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo bá wọn nílé ní àsìkò tó yẹ kí wọ́n wà ní kíláàsì. Láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ bò ó.

"Mà, ẹ ò lọ sí kíláàsì ni?"

"Mo ti fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ojú mi ni o, kì í ṣe uṣẹ́ rẹ. Nígbà tó wú yẹn, mo ń kà á geere. Ìgbà tí o wá tún un ṣe, ó lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ mi ò rí i kà mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O wá láti Òṣogbo nínú oòrùn. Ṣé kí n wá ní kí o bà á jẹ́ padà ni?"

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò wọ́n. Abèèrè kì í ṣìnà. Kì í ṣe pé ẹnu ń dùn mí, mi ò kàn bèèrè ni. Mo ká aṣọ kúrò, mo tan ẹ̀rọ, mo sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá. Omi tí a gbé kaná kò ní tíì hó kí èèyàn tó ṣe é tán. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ gba kíláàsì wọn padà. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ẹni tó gbà á ń ṣe é dáadáa, àwọn kò ní gba ohun tí àwọn ti fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ tí wọn ò rí kà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fara ti àga wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Mo dìde, mo gbé àga mi wá síwájú, wọ́n sì kà á fún mi dé òpin, èmi nìkan, bí ẹni pé kíláàsì kún.