Baba Òdo àti Lẹ́tà Kọkànlélógún

Ìjà tí Baba Òdo jà kẹ́yìn láyé, ọsibítù ló ti jà á, nínú aṣọ aláìsàn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ń gbé àpò ẹ̀jẹ̀ kan bọ̀ fún bíríkìlà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Baba ka ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ sára àpò náà, ó fò dìde, ó dì mọ́ àpò.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀!"

"N ò fi í sílẹ̀! Lẹ́tà mọ́kànlélógún ni orúkọ ọkùnrin yìí, mo kà á lánàá. Èyí tó gbẹ̀yìn ti wọ ilé onílé!"

"Ẹ gbà mí o, orí baba yìí ti dàrú!"

"Orí tèmi pé. Ti kọ̀ǹpútà yín ni kò pé. Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò!"

Èèyàn mẹ́ta ló gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, síbẹ̀ kò fi àpò sílẹ̀. Kí etí wọn lè sinmi, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ bíríkìlà yẹ̀ wò. Irú O ni tirẹ̀, irú A ló wà nínú àpò. Ìbá pa á kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Baba ní bí wọn kò bá rí nǹkan míì ṣe, kí wọ́n wá bá òun so aṣọ òun lẹ́yìn.

Gbogbo ọ́fíìsì tí Baba ti ń ṣiṣẹ́ ló máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, àfi Àbúrò. Kì í ṣe ìbátan Baba. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n jọ fi kọ ètò kọ̀ǹpútà, Baba ló sì sọ ọ́ ní Àbúrò. Àbúrò ló kọ ètò ọsibítù yẹn. Ààyè lẹ́tà ogún ló fún orúkọ, ó fi ààyè irú ẹ̀jẹ̀ tì í, kò sì ṣọ́ ẹnubodè kí orúkọ má bàa kọjá ààyè rẹ̀. Orúkọ bíríkìlà kún, A tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sì lọ jókòó lórí O.

Ní ọjọ́ kẹrin, Baba kú. Kó tó kú, ó ti kọ̀wé sí ọ̀gá ọ́fíìsì wọn: "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà." Òkú kì í rojọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì ni ọ̀gá máa fọwọ́ sí ìwé ìwádìí tó ní kí Àbúrò kọ, èyí tó máa di ẹ̀bi náà ru Baba títí ayé, ọjọ́rú sì ti dé. Àbúrò kò lè jẹun mọ́.

Èdè àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ ètò kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, àfi kéèyàn fi òdo sí i nídìí. "Kọ̀ǹpútà ò gbọ́n o," Baba á ní. "Bí o ò bá fi òdo dá a dúró, á kàwé wọ ilé àna rẹ̀." Òun náà kì í sọ̀rọ̀ kó má fi òdo sí i. "Mò ń bọ̀ wálé. Òdo," á sì pa fóònù mọ́ ìyàwó rẹ̀ létí. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fi wákàtí kan àtààbọ̀ sọ̀rọ̀ nípàdé, Baba pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Òdo o!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ààyè tí èèyàn bá sì yá lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, dandan ni kó dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Baba ń ṣe nílé: kò ní mú kọ́ọ̀bù kejì láìfọ àkọ́kọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹní fẹ́ ẹ ti fẹ́ ìyọnu.

Ọ̀dọ̀ ìyàwó náà ni Àbúrò lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́rú. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, èmi ni mo ṣe àṣìṣe yẹn o. Kì í ṣe Baba."

"Mo mọ̀. Dìde."

"Ṣé Baba sọ fún yín ni?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ṣé ọkọ mi ló máa gbàgbé láti ka lẹ́tà? Mi ò rí òpùrọ́ tí kò mọ irọ́ pa bíi tirẹ̀ rí. Ojú àlejò ló ti sọ pé ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù. Kò purọ́ fún mi rí. Nítorí tìẹ nìkan ló ṣe purọ́ láyé."

Ẹ̀rín pa ìyá, ẹ̀rín náà sì di omijé. Àbúrò di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo fẹ́ yọ orúkọ Baba kúrò nínú ìwé ìwádìí náà, Ìyá."

"Wọ́n lè lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́."

"Kí wọ́n lé mi."

"Yọ ọ́, ọmọ mi. Inú á bí i níbi tó wà." Àwọn méjèèjì tún rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àbúrò pa orúkọ Baba rẹ́ nínú ìwé náà, ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e lọ bá ọ̀gá.