Sifáwù, Akéde Ẹgbẹ́

Òórùn ọṣẹ dúdú kò tíì kúrò nínú yàrá wa ní Mamobi. Alátà sàmínà ni àwọn ará Ghana ń pè é. Orúkọ tí wọ́n fún àwa Yorùbá ni wọ́n fi pe ọṣẹ wa, Sifáwù ìyàwó mi a sì máa fi yangàn ní Tudu, níbi tó ti ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Bí mo bá ṣí àpótí aṣọ rẹ̀ báyìí, òórùn yẹn ló ń kọ́kọ́ kí mi. Mo máa ń jókòó tì í díẹ̀ kí n tó dé e padà.

Ọmọ wa ti dàgbà kí ojú Sifáwù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, títí kò fi ríran mọ́ rárá. Ọṣẹ títà kò dúró. Ó ń fi ìka mọ èyí tó gbẹ àti èyí tó ṣì rọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin kan tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ju owó ẹyọ sínú abọ́ ọṣẹ rẹ̀, ó ní, "Sàráà ni, makauniya." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Haúsá ń pe obìnrin tí kò ríran. Sifáwù nawọ́ di etí agbádá rẹ̀ mú, ó fi Haúsá bi í pé, "Bàbá, ọṣẹ wo lẹ fẹ́ níbẹ̀?" Ọkùnrin náà ní òun ò wá ra ọṣẹ. "Ẹ ti sanwó. Ẹ ò ní lọ lọ́wọ́ òfo." Ọkùnrin náà gbé ọṣẹ lọ sílé bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wọn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mùsùlùmí Yorùbá àdúgbò wa ni. Sifáwù ni akéde wọn láti ìgbà tó ti ń ríran. Bí ẹnì kan bímọ, bí ẹnì kan kú, òun ló ń kéde rẹ̀ láti ilé dé ilé. Nígbà tí kò ríran mọ́, ó ń fi ìka tẹ fóònù alábọ́tìnnì rẹ̀, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà gbogbo wọn ló ti há sórí. Ìgbà tó yá ni ẹgbẹ́ bọ́ sórí Wasáàpù. Mo wá mú un lọ sílé lọ́jọ́ ìpàdé kan, mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Àlájà Múínátù, alága wọn, sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ afọ́jú wa. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí."

Sifáwù ní, "Àlájà, mi ò ríran, òótọ́ ni, ẹ lè sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lorúkọ mi. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, kò sí ojú níbẹ̀." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣáà gba iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n mú òun lọ sí Circle, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wojú mi. "Papa, kí ni wọ́n fẹ́?" Mo ní kó bi wọ́n. Ó tún kọjú sí èmi. "Fóònù ńlá ò lè wúlò fún wọn. Ẹ ra yáàmù fún wọn." Yáàmù, ìyẹn iṣu, ni wọ́n ń pe fóònù alábọ́tìnnì níbẹ̀.

"Èmi ni kóo bá sọ̀rọ̀," Sifáwù dá a lóhùn ní Twi. "Etí mi ò di. Mo ní yáàmù nílé, èyí tí à ń jẹ àti èyí tí à ń tẹ̀."

Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń tajà bú sẹ́rìn-ín. Ó gba fóònù ńlá kan, ó tan nǹkan kan nínú rẹ̀, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ibi tí ìka bá kàn. Ó ní ó ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, àwọn èèyàn ni kì í tàn án. Mo rántí bí Sifáwù ṣe ń rọra fi ìka wọ́ ojú fóònù náà bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ tuntun lórí.

A rà á. Ohun tó kù ni pé Yorùbá kò yé fóònù náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀, á kà á bí òyìnbó tó ki iyán gbígbóná sẹ́nu. Sifáwù ní kí wọ́n kúkú máa fi ẹnu sọ ìkéde, kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́, ṣebí fóònù gbogbo wọn ń gbà á. Àlájà kọ̀. "A ò lè torí ẹnì kan da gbogbo ẹgbẹ́ láàmú."

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni fóònù Sifáwù ń fi gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ sọ ohun kan náà ṣáá: ọwọ́ méjì tó pàdé, ọwọ́ méjì tó pàdé. Ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní àwòrán ọwọ́ àdúrà ni, òun ni àwọn èèyàn fi ń ṣe àmín.

"Àmín sí kí ni?"

Mo wá gíláàsì ojú mi. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, díẹ̀díẹ̀ ni mo fi tú ìkéde náà: Ìyá Bùṣírà, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ti kú, kí àwọn obìnrin wá wẹ̀ ẹ́ kí oòrùn tó ga. A sáré wọ takisí. Iṣẹ́ obìnrin ni, mo dúró síta, mò ń gbọ́ ìró omi. Sifáwù, Àlájà àti Bùṣírà ọmọ olóògbé nìkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó tẹ ọwọ́ àdúrà wà lọ́jà.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, Sifáwù dìde. "Ta ló ka ìkéde Ìyá Bùṣírà?" Ó tún ní, "Mo gbọ́ àmín yín o. Fóònù kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ìyá Kúdí tó ń taṣọ ní Odawna ló kọ́kọ́ lanu. "Sifáwù, mi ò mọ̀wé. Mo rí i pé àwọn kan ti tẹ ọwọ́, lèmi náà bá tẹ̀ ẹ́. Mo ṣe bí ìsọmọlórúkọ ni." Òmíràn ní bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe. Òmíràn tún tẹ̀ lé e.

"Èmi sọ ọ́ síta pé mi ò rí i," ni Sifáwù wí. "Ẹ̀yin ṣe àmín. Ẹ dá iṣẹ́ mi padà."

Kò fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Àlájà ní, "Gbà á, Sifáwù." Láti ọjọ́ yẹn, ohùn ni wọ́n fi ń kéde, n kò sì tún gbọ́ afọ́jú lẹ́nu Àlájà mọ́. Mo máa ń rò ó bí mo bá jókòó ti àpótí yẹn. Nǹkan tí wọ́n ní àwọn ò lè torí ẹnì kan ṣoṣo ṣe, òun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá láìlè sọ.

Nígbà tí òun náà kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Àlájà fúnra rẹ̀ ló fi ohùn kéde rẹ̀: Sifáwù akéde wa. Àwọn obìnrin kún ilé wa dé ẹnu ọ̀nà. Ọṣẹ rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin kan wá kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó ní kí n má sunkún jù, pé ìyàwó mi ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Mo ní, "Ìyà wo?"

Ó ní ìyà ojú ni. Mo ní kó jókòó. Mo gbé fóònù Sifáwù, mo tẹ ọ̀kan nínú ìkéde rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá: "Ẹ tẹ́tí, èmi Sifáwù ni." Ọkùnrin náà fẹ́ dìde. Mo ní kó gbọ́ ọ tán.