Ìyá Mi Padà sí Ẹ̀pẹ́

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá mi fi ṣe tíṣà kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa nínú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú. Èmi àti ìyàwó mi máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú ká tó dé. Òun àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n jọ ń wà nílé.

Lọ́dún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ kan, aládùúgbò wa rí i ní ibùdókọ̀ Benson níbi tó ti ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá tó bí i náà nìyẹn, tí ìyẹn ò fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ kó tó kú. Mo ń bẹ̀rù fún ara mi náà.

Dókítà ní, "Ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, etí wọn ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ta ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú?"



Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ó fi ọdún mẹ́jọ ju ìyá mi lọ, síbẹ̀ orí rẹ̀ pé pérépéré. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Ṣé ẹ ti àbúrò mi mọ́lé ni? Gbé e wá fún mi."

Ó ń ṣe mí bíi pé mo fẹ́ pa ìyá mi tì. Síbẹ̀ mo gbé e lọ, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀rọ tó ń fi sétí gbọ́rọ̀. Ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti àárọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń kí i, tí wọ́n ń bá a ṣàwàdà, tí wọ́n ń ní kó bá àwọn to ẹja.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo débẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Obìnrin mẹ́rin ló jókòó yí i ká, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kọ orúkọ wọn. Ó ti gbàgbé ohun tó jẹ láàárọ̀, àmọ́ kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Orúkọ àbúrò mi ló kọ́kọ́ fi pè mí, ó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ ti tún ń ṣe tíṣà!"

"Ta ló sọ pé mo fi í sílẹ̀ rí?"

Àìsàn náà ò lọ o, àmọ́ ó rọra ń rìn. Ọdún mẹ́fà ni ìyá mi tún lò sí i láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ń dá mi mọ̀ títí dé òpin.