Ọmọ Odó Tó Di Ọ̀pá Àṣẹ

Òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò le: bí ọ̀pá àṣẹ kò bá sí lórí tábìlì, ìjókòó kò tíì bẹ̀rẹ̀. A lè pé pérépéré, kí a gbàdúrà, kí a máa pe ara wa ní Ọnọ́rébù títí ẹnu yóò fi bó. Bí igi yẹn kò bá tíì dé, ṣe la kàn ń gbafẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní ìlú Ìyè, nílẹ̀ Èkìtì níbí, ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún, ọ̀dà tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oòrùn bá mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé e wọlé máa ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Àwa rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀dà ló ń sá fún.

Èmi ni aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní ìlú Òmù. Yàrá ẹ̀bá géètì ilé-ẹ̀kọ́ ti wọ́n kọjá agbára wa, nítorí náà èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ gba yàrá sí Òmù, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń kó wa lọ sí ọgbà láràárọ̀. N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn oyè náà. Mo ní káàdì tí wọ́n kọ Ọnọ́rébù sí, mo sì máa ń jẹ́ kó yọrí díẹ̀ láti inú Bíbélì mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní sáà ẹ̀kọ́ yẹn, ààrẹ ẹgbẹ́ gba bọ́ọ̀sì náà. Kò pè é ní gbígbà o. Ó ní ó ti di ọkọ̀ ọ́fíìsì. Wọ́n ta kọ́tìnnì pupa sí fèrèsé, wọ́n so àsíá kékeré mọ́ imú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ní ìdánwò àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì wa ń gbé ààrẹ lọ sí Ìsàn, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Ààrẹ Onírẹ̀lẹ̀ Jù Lọ. Àwa dúró sétí títì. Ọ̀kadà kan tó ti gbé èrò kan tẹ́lẹ̀ fún mi mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi dúró de takisí, nígbà tó sì fi máa dé ọgbà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Olùkọ́ wa sọ ọ́ fún un láìfi epo bọyọ̀: bó bá tún pàdánù ìdánwò kejì, kó múra láti tún ọdún náà kà.

Mo gbé àbá síwájú ilé pé kí bọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. A fi ìjókòó sí ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò kejì. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, tábìlì ṣófo. Abẹnugan ilé, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ààrẹ, yọ sí wa nínú kóòtù dúdú, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin Ọnọ́rébù, ẹ má bínú. Ọ̀pá àṣẹ ti lọ fún àtúnṣe, ìjókòó kò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló bàjẹ́ lára igi?" ni mo bi í.

"Iyì rẹ̀."

"Ìgbà wo ni iyì máa dé?"

"Ilé á gbọ́."

Mo jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá oníyán tó wà lẹ́bàá géètì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọmọ odó yín kan."

"O fẹ́ gúnyán ni?"

"Rárá, mà. A fẹ́ fi ṣòfin ni."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Òfin ọ̀hún ní kókó ni?"

"Ó ní kókó gan-an, mà."

"Ó dáa. Uṣẹ́ mi ni mo fi ń ṣe o. Iṣu ti wà lórí iná. Kó tó jinná, kí ọmọ odó mi ti dé."

Mo gbé e léjìká, n kò wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí mo gbé e lé tábìlì, ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n abẹnugan fò dìde.

"Ẹ gbé igi ìdáná yẹn jáde!"

"Abẹnugan, sà, ibo ni òfin wa ti sọ pé ọ̀pá àṣẹ kò gbọdọ̀ gún iyán rí?"

"Ẹ ń tàbùkù ilé yìí!"

"Ilé wo?" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin náà lẹ ní ìjókòó kò tíì bẹ̀rẹ̀!"

Ó gbọn kóòtù, ó sì jáde. Igbákejì rẹ̀, tóun náà ní ìdánwò lọ́jọ́ kejì, bọ́ sórí àga. "Ẹ jẹ́ ká ṣe kíá," ló wí, "iṣu ń jinná." Ilé tó máa ń fi gbogbo ọ̀sán kí ara rẹ̀ tẹ̀lé oyè kò rántí kí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. A nawọ́, a ka ọwọ́, àbá wọlé. Mo sáré dá ọmọ odó padà. Ìyá oníyán yẹ orí rẹ̀ wò.

"Ẹ ò fi lu ẹnìkankan ṣá?"

"Ó ku díẹ̀, mà."

Igbákejì abẹnugan lọ jíṣẹ́ ilé fún awakọ̀. Awakọ̀ kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó tú àsíá, ó sọ ọ́ sábẹ́ àga. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì dé Òmù pẹ̀lú kọ́tìnnì pupa rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ wọlé. Ó jókòó sí iwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé sọ̀kalẹ̀, ó di apá àga mú títí a fi dé ọgbà. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀pá àṣẹ jáde láti abẹ́ ibùsùn ààrẹ, kò sí àtúnṣe kankan lára rẹ̀. Ààrẹ àti abẹnugan yan ìgbìmọ̀ olùwádìí lórí ẹ̀sùn pé mo tàbùkù ilé, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n tẹ́ igi náà lé e, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ọ̀pá àṣẹ, Ọnọ́rébù."

Mo ní bàbá mi àti ìyá mi ni mò ń kúnlẹ̀ fún nílé, n kò sì tíì rí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn nínú wọn. Bí wọ́n bá sì tún gbé igi wọn pamọ́, iyán kò ní tán nílẹ̀ Èkìtì, ọmọ odó kò sì ní wọ́n wa. Wọ́n yọ mí kúrò nílé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gba káàdì mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì dúró síwájú mi létí títì.

"Ọnọ́rébù àná," awakọ̀ pariwo, "ẹ wọlé ká máa lọ!"

Mo wọlé, mo fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì jókòó.