Ìwé Pupa Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Oníṣòwò Táyà

Ìwé Pupa ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Wolé-wolé obìnrin ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń wọlé onílé, tó ń yẹ gọ́tà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, fèrèsé àti ògiri tó sán wò, tó sì ń lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó bá rú òfin ilé gbígbé. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé á sì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Wọn ò fẹ́ràn yín, ẹ ò sì sinmi."

"Ta ló máa fẹ́ràn ẹni tó ń sọ fún un pé gọ́tà rẹ̀ ń rùn?"

Ìrìn kọ́ ló ń rẹ̀ ẹ́ jù, àlàyé ni. Ìwé pupa ní ẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà ni wọ́n sì kọ ẹ̀tọ́ onílé sí: pé ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fi tún nǹkan ṣe, pé ó lè wá tọrọ ọjọ́ sí i, pé bó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ó lè wá rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Wọ́n á ti fa ìwé ya kí wọ́n tó rántí pé ó ní ẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá arúgbó kan gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wá bá a. Ó jókòó, ó mí títí kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ti dí fèrèsé mi pa. Ọ̀sán àti òru ti di ọ̀kan náà nínú yàrá mi."

"Ta ló dí i, Màmá?"

Ìyá wolẹ̀. "Ọmọ bíbí inú mi ni. Táyà ló ń tà. Ó kọ́ ilé ìkẹ́rù sẹ́yìnkùlé, ó gbé e ti ògiri yàrá mi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ò ṣeé ṣí mọ́. Mo ti bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní kí n ṣe sùúrù. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo wá."

"Òfin ò gbà kí n dárúkọ ẹni tó mú ẹjọ́ wá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ síbẹ̀. Ó bá táyà tí wọ́n tò gègèrè dé abẹ́ páànù, òórùn rọ́bà gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó na téèpù. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló wà láàárín ilé ìkẹ́rù náà àti ọgbà ilé kejì, mẹ́ta lòfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tó wọ yàrá ìyá, ọwọ́ ló fi tá bẹ́ẹ̀dì rí nínú òkùnkùn. Ó jáde, ó yọ ìwé pupa, ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn iwájú.

"Lórí ilẹ̀ ara mi?" ni oníṣòwò táyà bi í.

"Ilẹ̀ yín ni, ọ̀gá. Àmọ́ bí iná bá ran táyà wọ̀nyí, ibo lẹni tó wà nínú yàrá yẹn á gbà jáde? Yàrá téèyàn ń sùn gbọ́dọ̀ ní fèrèsé tó ṣí síta, ilé sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde méjì. Ẹ jẹ́ n ka ẹ̀yìn ìwé yìí fún yín."

"Ẹ má ka nǹkan kan fún mi. Ta ló fẹjọ́ mi sùn?"

"Mi ò lè sọ."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Tíṣà tó fẹ̀yìn tì yẹn ni!" Ó na ìka sí ilé kejì.

Látọjọ́ náà, oníṣòwò táyà ò kí tíṣà mọ́. Ó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ dí ẹnu géètì bàbá náà láti àárọ̀ dalẹ́. Tíṣà tọ wolé-wolé wá ní ọ́fíìsì. "Ẹ ṣáà sọ fún un pé èmi kọ́."

"Bàbá, bí mo bá ń sọ ẹni tí kì í ṣe, láìpẹ́ màá sọ ẹni tó jẹ́."

Tíṣà wò ó, ó sì gbéra láì dágbére. Wolé-wolé ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Òfin tó fi bo ìyá láṣọ ti tú ẹlòmíràn síhòòhò.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, kò sí táyà kan tó kúrò. Bó ṣe mú ìwé kejì débẹ̀ ló bá oníṣòwò táyà tó di ọrùn ẹ̀wù tíṣà mú lẹ́nu géètì. "Olófòófó! Àgbàyà!" Wolé-wolé ki ara bọ àárín wọn, fáìlì rẹ̀ já bọ́, ìwé fọ́n káàkiri ilẹ̀.

Ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ìyá ló jáde, ó di férémù mú.

"Fi bàbá yẹn sílẹ̀. Èmi ni."

Ọwọ́ ọmọ rọ wálẹ̀. "Màmá? Ẹ lọ fẹjọ́ mi sùn ìjọba?"

"Ìwọ alára ni mo kọ́kọ́ fẹjọ́ ẹ sùn. Lẹ́ẹ̀mẹrin. Dákun, adájọ́ wo ni ká tún lọ bá?"

Ọmọ tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìwé wolé-wolé nílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó rọra bi wolé-wolé pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ní ó wà lẹ́yìn ìwé yẹn?"

Wolé-wolé kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tọrọ ọjọ́ méje sí i, wọ́n fún un. Ó rí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì kó táyà sí, ó wó ilé ìkẹ́rù, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún tíṣà. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò mọ bí òun á ṣe kojú.

Nígbà tí wolé-wolé padà wá ṣàyẹ̀wò, oòrùn ti wọ yàrá náà, ó tàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá jókòó, ó ń ká aṣọ.

"Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ọmọ ò wọlé mọ́," ló wí. "Ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí mi."

Kò sí ìwé fún ìyẹn, pupa ni o, funfun ni o. Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lùwé. Oníṣòwò táyà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé fèrèsé lè tóbi ju bí òfin ṣe ní lọ?"

"Òfin sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ kéré mọ. Kò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi mọ."

"Mo fẹ́ kí wọ́n lè máa rí ojú ọ̀run látorí bẹ́ẹ̀dì."

Ìyá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àmọ́ aṣọ kan náà ló ká lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ dúró díẹ̀, ó wọlé, ó lọ wọn ògiri.

Wolé-wolé fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́nu géètì kejì, tíṣà pè é. "Ìyá Wolé-wolé, ẹ wá bá mi yẹ gọ́tà tèmi wò. Kí wọ́n má tún ní ẹlòmíì ló fẹjọ́ mi sùn."

Ilé mẹ́ta ṣì wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ bírò, ó tẹ̀ lé e wọlé.